Àyẹ̀wò ìwé Love Comes Softly: ìfẹ́ kejì lẹ́yìn ikú ọkọ, àti irú ẹ̀dà tó yẹ kí ẹ rà ní Òṣogbo

Ìwé ìtàn ìfẹ́ àwọn onígbàgbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, tó tún padà rí ìfẹ́, pọ̀ lọ jàra. Èyí tó mọ bí ọ̀fọ̀ ṣe ń rí lára ènìyàn ni kò pọ̀. Love Comes Softly wà lára àwọn tí kò pọ̀ yẹn. Janette Oke, obìnrin ará Kánádà, ló kọ ọ́, ilé ìtẹ̀wé Bethany House sì gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní 1979. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kà á lónìí ni a kò tíì bí nígbà yẹn, síbẹ̀ bí opó kan bá ní kí a mú ìwé kan ṣoṣo fún òun, òun ni a óò kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ìdí ni pé ìwé náà kò fi ọkọ tuntun ṣe oògùn ikú ọkọ àtijọ́. Ó jẹ́ kí obìnrin náà sunkún tó.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Marty àti Clem, ọkọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Wọ́n di ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wọ́n forí lé apá ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà láti lọ gba ilẹ̀ oko. Ẹṣin ṣubú, Clem bá a lọ. Oyún wà nínú Marty, kò sówó lọ́wọ́, kò sí ẹbí nítòsí, kẹ̀kẹ́ ẹrù náà sì ni gbogbo ilé tó ní. Ọjọ́ tí wọ́n sin Clem gan-an ni àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clark Davis wá bá a. Ìyàwó tiẹ̀ náà, Ellen, ti kú, ó sì fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀, Missie, tí kò tíì ju ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ. Ohun tí Clark bá wá ni pé kí Marty fẹ́ òun lọ́jọ́ náà, kí ó wá máa tọ́jú ọmọ. Òun yóò fún un ní ilé àti oúnjẹ. Bí ìgbà ìrúwé bá dé, tí àwọn kẹ̀kẹ́ tó ń padà sí ìlà-oòrùn bá ń kọjá, tó bá ṣì wù ú láti lọ, òun yóò sanwó ọ̀nà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó fi kún un ni pé bó bá ń lọ, kí ó mú Missie dání, torí ọmọ náà nílò ìyá.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé ti máa ń fẹ́ pa ìwé dé. Òkú kò tíì tutù, wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á dé. Oke ti fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó ń lọ láti abúlé dé abúlé ni wọ́n ń lò lágbègbè náà. Ìsìnkú ló bá a níbẹ̀, bó bá sì ti lọ, ó di ìgbà ìrúwé kí wọ́n tó tún rí i. Òtútù ń bọ̀, òjò dídì yóò sì dí gbogbo ọ̀nà. Aboyún kò lè sun inú kẹ̀kẹ́ ẹrù ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kò sì ṣeé ṣe kí obìnrin máa gbé ilé ọkùnrin tí wọn kò so wọ́n pọ̀.

Ẹni tó bá mọ opó ṣíṣú nílẹ̀ wa yóò tètè rí ohun tó jọ ọ́ níbẹ̀, yóò sì rí ohun tí kò jọ ọ́. Nínú opó ṣíṣú, ẹbí ọkọ ló ń jókòó, tí wọ́n ń wo inú ara wọn fún ẹni tí yóò ṣú u, kí ọmọ àti dúkìá má baà jáde nílé. Clark kì í ṣe ẹbí Clem. Kò sì dúró de ìpàdé ẹnikẹ́ni, obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló lọ bá. Ó ní ohun tó fẹ́, ó ní ohun tí yóò fi sílẹ̀, ó sì dá àkókò tí Marty lè bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀nà àbájáde yìí ni gbogbo ìwé náà dúró lé. Láti ìgbà tó ti wọ ilé yẹn ni Marty ti ń retí ìgbà ìrúwé. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, ẹ óò mọ̀ pé ó ní ibòmíràn tó lè lọ, òun ló sì ń yàn láti dúró. Ọ̀pọ̀ ìwé irú èyí ni kò fún obìnrin ní ilẹ̀kùn kankan, tí wọ́n á sì máa pe jíjókòó rẹ̀ ní ìfẹ́.

Àárín ìwé ló dùn jù. Clark kó ẹrù tirẹ̀ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, ó fi inú ilé sílẹ̀ fún Marty àti ọmọ. Iṣẹ́ ilé wá bẹ̀rẹ̀. Marty kò mọ oúnjẹ sè. Pańkéèkì ni láàárọ̀, pańkéèkì lọ́sàn-án, pańkéèkì lálẹ́, Clark sì ń jẹ ẹ́ láìráhùn. Adìyẹ tó fẹ́ pa fún ọbẹ̀ sọ àgbàlá di ojú ìjà. Missie kọ̀, kò gbọ́ tirẹ̀. Èèyàn lè rẹ́rìn-ín níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òǹkọ̀wé ń ṣe. Kò ya orí kan sọ́tọ̀ fún ẹkún. Àárín iṣẹ́ ló ń fi ọ̀fọ̀ sí: ọwọ́ Marty wà nínú omi àwo, ìrònú Clem dé, ó ń tẹ́ ibùsùn, ọ̀fun rẹ̀ dí. Ẹni tó bá ti fi omijé ro ọkà fún àwọn ọmọ rẹ̀ rí mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń rí. Ọ̀fọ̀ kì í dúró kí èèyàn ráyè kó tó wọlé.

Lẹ́yìn náà ni Ma Graham dé. Àgbà obìnrin tó ń gbé oko tó súnmọ́ wọn ni. Ọkọ àkọ́kọ́ tiẹ̀ náà ti kú, ó sì fẹ́ Ben Graham, ọkùnrin tí ìyàwó kú mọ́ lọ́wọ́, tí òun náà ní àwọn ọmọ tirẹ̀. Ó kọ́ Marty bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì, ó fún un ní ìlànà oúnjẹ oríṣiríṣi, ó sì sọ ìtàn ara rẹ̀ fún un. Ọ̀dọ̀ obìnrin yìí ni okun ìwé náà wà. Ẹ fetí sí ohun tí kò sọ. Kò sọ pé ẹkún ti tó. Kò sọ pé Ọlọ́run yóò fi èyí tó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ rọ́pò. Ohun tó sọ ni bí ó ṣe pẹ́ tó lọ́wọ́ òun, bí ọkàn òun ṣe le sí ọkọ kejì ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ìfẹ́ kì í fi gbogbo ìgbà ya wọlé bí ìjì, pé ó lè rọra wọlé jẹ́jẹ́ títí tí wàá fi rí i pé ó ti jókòó. Ní ilé ọ̀fọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ìtùnú máa ń yá lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. "Ẹ̀yin ni ẹ máa gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀", "ẹ má sunkún mọ́, nítorí àwọn ọmọ", gbogbo rẹ̀ á ti jáde lẹ́nu àwọn èèyàn kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Ẹni tó bá ń bẹ opó wò ní ìjọ yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ lára Ma Graham ju ìwàásù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ inú rẹ̀ kò pariwo. Clark ń gbàdúrà nídìí tábìlì oúnjẹ, ó ń ka Bíbélì, ó ń pe Ọlọ́run ní Baba bí ẹni tó ń bá ẹni tó jókòó tì í sọ̀rọ̀. Ó ṣàjèjì sí Marty. Clark kò wàásù fún un, kò sì fi ìgbàgbọ́ ṣe ohun tí obìnrin náà gbọ́dọ̀ fi san gbèsè oúnjẹ tó ń jẹ. Ọ̀rọ̀ Marty àti Ọlọ́run ń lọ lọ́nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti Clark ń lọ lọ́nà tirẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Nínú àwọn ìwé tí kò dára, ọ̀nà méjèèjì á dàpọ̀: obìnrin á gba Jésù ní alẹ́ kan náà tó gba òrùka, òǹkàwé kò sì ní mọ èwo ló wò ó sàn.

Ẹ fi ìwé Rut wọ̀n ọ́n. Orí mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n kò sáré. Nínú orí kìíní, Naomi ní kí wọ́n má pe òun ní Naomi mọ́, kí wọ́n máa pe òun ní Mara, Bíbélì kò sì bá a wí. Nínú orí kejì, Rut lọ pèéṣẹ́, ó pa ohun tó ṣà, ó tó òṣùwọ̀n efa bálì kan, ó gbé e lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Ìkórè bálì tán, ìkórè àlìkámà tán, kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìpakà ti orí kẹta tó dé. Odindi àsìkò ìkórè ló wà láàárín òkú àti ọkọ tuntun, iṣẹ́ ọwọ́ àti oúnjẹ ló sì kún un. Love Comes Softly ń tẹ̀ lé ipasẹ̀ yẹn.

Ohun kan náà ni kí ẹ fi yẹ ìwé ìfẹ́ onígbàgbọ́ yòówù wò kí ẹ tó fowó yín sílẹ̀. Ẹ ṣí i sí ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ ka ojú ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí ìdúró. Ṣé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ náà ń ṣe nǹkan kan tí kò kan ọkùnrin tuntun yẹn? Ṣé ó ní ọ̀rẹ́, àgbà tó ń bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe? Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí i sí ibi tó kọjá àárín díẹ̀. Ṣé wọ́n ṣì ń dárúkọ ẹni tó kú, tàbí ó ti di ohun ìgbàgbé? Kò burú kí ọkùnrin náà ti yọjú ní orí kìíní, bí iṣẹ́ àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe rí nìyẹn. Èyí tó burú ni kí omijé gbẹ nítorí pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ìwé náà ní àléébù. Clark dára jù. Kò bínú tó, kò ṣàṣìṣe tó, ọ̀dọ́mọbìnrin tó bá kà á lè máa retí ọkùnrin tí kò sí níbì kankan. Clem ní tirẹ̀ kò ní ojú: a mọ̀ pé Marty fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ẹkún tí a ń bá Marty sun, ti Marty nìkan ni. Ìtàn Laura, ọmọ Ben Graham, tó wọ ilé ọkùnrin tí àdúgbò ti mọ̀ sí ọ̀mùtí, tí ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì burú, ni wọ́n sáré kọjá lórí rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n dúró níbẹ̀. Òun nìkan ló sọ fún òǹkàwé pé ilé ọkọ lè pa èèyàn, ó sì yẹ kí àwọn ọmọbìnrin gbọ́ ìyẹn yékéyéké.

Èdè rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá ọ̀pọ̀ dúró. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará oko ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé sì kọ ọ́ bó ṣe ń jáde lẹ́nu: jest dípò just, fer dípò for, ya dípò you, git dípò get. Ọmọ SS1 lè rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni. Ẹ kà á síta pẹ̀lú ohùn ní orí méjì àkọ́kọ́. Etí yóò mọ ohun tí ojú kò dá mọ̀. Bí ẹ bá ń kà á nínú ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, kí ẹnì kan máa kà á sókè, kí ẹlòmíràn máa sọ ọ́ ní Yorùbá bí wọ́n ti ń parí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn orí rẹ̀ kúrú, méjì sí mẹ́ta tó fún ìjókòó kan. Kí ẹni tó ń darí kọ́kọ́ ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí ìrìn-àjò nígbà òtútù lọ́hùn-ún, nítorí ẹni tí kò mọ ìyẹn kò ní mọ ìdí tí Marty kò fi kàn dìde lọ.

Fíìmù rẹ̀ wà, ti 2003, tí Katherine Heigl ṣe Marty. Ó dára ní ìwọ̀n tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò ìwé. Nínú fíìmù, Missie ti di ọmọ ńlá tó ń kàwé, tó ń bá Marty ṣe orí kunkun. Nínú ìwé, ọmọ ọwọ́ tó ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun pọ̀n ni. Ìyàtọ̀ yìí yí púpọ̀ padà, nítorí ọmọ kékeré tó nílò ọwọ́ ìyá ló kọ́kọ́ tú ọkàn Marty sílẹ̀ nínú ìwé, kí ti bàbá rẹ̀ tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù, ẹ má sọ pé ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ríra wá kù. Ìwé tòkunbọ̀ ni ẹ óò bá pàdé jù, bóyá lórí tábìlì lẹ́bàá Òkè-Fìà, bóyá ní Old Garage, tàbí nínú páálí lẹ́yìn ìsọ̀ ìwé ìjọ kan. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò wò ni ẹ̀yìn ìwé, níbi tí gọ́ọ̀mù wà. Ìwé 1979 àti èyí tó tẹ̀ lé e, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi dì wọ́n, wọn kò rán wọn, ọ̀pọ̀ ọdún nínú ooru sì ti mú gọ́ọ̀mù náà gbẹ. Ẹ rọra ṣí i ní àárín. Bó bá dún kẹ́kẹ́, kò ní pẹ́ tí ewé rẹ̀ yóò fi máa já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì láti dán an wò, ẹ̀yin gan-an lẹ máa já a. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ìwé wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá ojú ìwé mẹ́wàá tó gbẹ̀yìn, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìpinnu Marty wà.

Bó bá ti já díẹ̀, ó ṣeé tún ṣe. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ lò, ẹ fi omi díẹ̀ là á kó má baà ki jù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré pa á sí ẹ̀yìn ewé tó já ní tínrín, ẹ tò ó padà sí àyè rẹ̀, ẹ fi ọ̀rá nylon wé ẹ̀yìn kó má baà lẹ̀ mọ́ nǹkan mìíràn, kí ẹ wá gbé ìwé wíwúwo méjì lé e títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù alágbára tí wọ́n fi ń lẹ bàtà àti ike. Ó máa ń le gan-gan, bébà á sì kán lẹ́bàá rẹ̀.

Ìwé tó ń rùn bíi ilé tí òjò wọ̀ ti hu ìbu. Bí ẹ bá gbé e sí àárín àwọn ìwé yòókù nígbà òjò, yóò ràn wọ́n. Ẹ ṣí i sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́, lábẹ́ ìbòòji, fún ọjọ́ mélòó kan. Oòrùn gangan máa ń ká bébà kò, ó sì máa ń mú un pọ́n. Nígbà ọyẹ́, ẹ má fi í síbi tí atẹ́gùn gbígbẹ ti ń fẹ́ lù ú tààrà, torí ìgbà yẹn ni gọ́ọ̀mù máa ń sán.

Bí ẹ bá rí ìwé ìfẹ́ pélébé tí wọ́n ti ya iwájú rẹ̀ kúrò, ẹ fi í sílẹ̀ bí olówó rẹ̀ kò tilẹ̀ béèrè owó tó tó nǹkan. Ní Amẹ́ríkà, ìsọ̀ ìwé máa ń ya iwájú èyí tí kò tà, wọ́n á sọ fún ilé ìtẹ̀wé pé wọ́n ti bà á jẹ́, wọn kò sì ní sanwó rẹ̀. Ìwé tó bá bọ́ sí ọjà lẹ́yìn ìyẹn, òǹkọ̀wé kò rí nǹkan kan gbà lórí rẹ̀. Ẹ̀dà ayédèrú náà wà: lẹ́tà rẹ̀ á dà bí ẹni pé èéfín bò ó, ìlà á dagun lójú ìwé, ojú ìwé méjì sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, èyí tí ẹnì kan fi fóònù ya ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kà á lórí fóònù, ẹ ra ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ ojúlówó. Fún àgbàlagbà, ó tilẹ̀ sàn ju bébà lọ, torí wọ́n lè sọ lẹ́tà di ńlá bí ojú wọn bá ṣe fẹ́.

Ta ló wà fún? Opó, ọkùnrin tí ìyàwó kú mọ́ lọ́wọ́ tó ń wo ẹni tí yóò bá a tọ́ ọmọ, àti ẹnikẹ́ni tó fẹ́ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Ọmọ ọdún 13 lè kà á láìsí ohun ìtìjú kankan. Ẹ má fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin òkú lánàá. Kí oṣù mélòó kan kọjá ná. Dálémoṣú tàbí ẹni tí àfẹ́sọ́nà dà lè gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bá egbò tirẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí Clem kò da Marty. Ikú ló mú un lọ. Ọ̀dàlẹ̀ ní egbò tirẹ̀, ìbínú sì wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé yìí. Redeeming Love, tí Francine Rivers kọ ní 1991, tó fi ìtàn Hosea inú Bíbélì ṣe ìpìlẹ̀, ló súnmọ́ ìyẹn. Àgbàlagbà nìkan ni kí ẹ fún, torí ọ̀rọ̀ ọmọdé tí wọ́n tà sí iṣẹ́ aṣẹ́wó wà nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé kò sì fi bò.

Mẹ́jọ ni ọ̀wọ́ Love Comes Softly, láti 1979 dé 1989, àwọn onítòkunbọ̀ kì í sì í kó wọn pọ̀. Ẹ̀kíní dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ kò nílò òmíràn láti parí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú, Love's Enduring Promise ló tẹ̀ lé e, ilé Marty àti Clark ló ṣì ń sọ. Láti ẹ̀kẹta, Love's Long Journey, ìtàn ti bọ́ sọ́wọ́ Missie tó ti dàgbà, tó ti lọ́kọ, tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta nìkan lẹ rí, ẹ má rà á ṣáájú, nítorí ojú ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ yóò ti tú àṣírí ohun tí Marty pinnu nígbà ìrúwé.